Ilẹ̀ Dúdú Tí Ejò Afọ́jú Ń Gbé

Ní Ìdí-Àgbọn, wọn kì í fi sìmẹ́ǹtì sórí sàréè. Wọn kì í kọ orúkọ, wọn kì í ri òkúta mọ́lẹ̀. Lémọ́mù àkọ́kọ́ tí abúlé náà ní ló fi òfin yìí lélẹ̀: ilẹ̀ ni a ti wá, ilẹ̀ ni a ó padà sí, kí ẹnikẹ́ni má kọ́lé lé òkú lórí. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí òkú rẹ̀ sùn sí, ọ̀dọ̀ agbẹ́sàréè ló ń lọ. Àyúbà ni agbẹ́sàréè. Bàbá rẹ̀ ló ṣe é ṣáájú rẹ̀.

Ogójì ọdún ló fi ṣe é. Kò ní ìwé kankan. Orí rẹ̀ ni ìwé. Ọmọ tó ti òkè òkun dé lẹ́yìn ogún ọdún yóò béèrè ìyá rẹ̀, Àyúbà yóò dìde lórí àga, yóò mú un lọ sí itẹ́ òkú, yóò fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀, yóò ní, "Orí rẹ̀ nìyí." Kò ṣì í rí.

Ràhímátù ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn ènìyàn ní kí ó jẹ́ kí ẹlòmíràn gbẹ́ tirẹ̀. Àyúbà gbẹ́ ẹ fúnra rẹ̀. Ó gbẹ́ ẹ tán, ó dúró nínú rẹ̀, ó na ọwọ́ sókè, wọ́n gbé òkú rẹ̀ fún un, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó jáde. Ọdún márùn-ún nìyẹn.

Ọdún kejì tí Ràhímátù kú ni ilé-iṣẹ́ kan ra gbogbo ilẹ̀ tó wà láàrin abúlé náà àti ọ̀sà. Àwọn olórí ẹbí ló tà á. Wọ́n ní itẹ́ kò sí nínú ohun tí àwọn tà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò mọ ohun tí a tà yàtọ̀ sí ohun tí a kò tà. Wọ́n gé igi àgbọn mẹ́rin tó yí itẹ́ ká. Wọ́n fi ẹ̀rọ fa yanrìn láti ìsàlẹ̀ ọ̀sà, wọ́n tú u sórí àbàtà, sórí oko ẹ̀gẹ́, sórí òkú. Àwọn òṣìṣẹ́ gbé níbẹ̀ fún ọdún kan nínú ilé pákó. Lẹ́yìn náà, ó jọ pé agbára wọn tán. Wọ́n tú ilé pákó wọn, wọ́n lọ. Ilẹ̀ náà wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún méjì, ó funfun, ó tẹ́jú, kò sí ohun tó dúró lórí rẹ̀ ju koríko díẹ̀ lọ.

Ní ọdún yìí, wọ́n padà dé.

Baálẹ̀ lọ bá wọn. Ó mú àwọn àgbà méjì dání. Baálẹ̀ àti àwọn àgbà náà padà dé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó dára ju èyí tí ẹnikẹ́ni ń retí: ilé-iṣẹ́ ní àwọn kò fẹ́ kọ́lé lé òkú lórí. Bí abúlé bá lè fi ibi tí itẹ́ wà hàn, àwọn yóò fi í sílẹ̀, àwọn yóò mọ ọgbà yí i ká, ẹni tó bá fẹ́ wá ṣàdúà yóò rí ibi wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí yóò gbẹ́ ihò òpó ti wà lójú ọ̀nà. Ó ń bọ̀ ní Mọ́ńdè. Kí wọ́n fi í hàn kí ọjọ́ Àlàmísì tó kọjá. Bí wọn kò bá rí i fi hàn, àwọn yóò ṣiṣẹ́ lórí gbogbo ilẹ̀ náà.

Gbogbo ènìyàn wo ojú Àyúbà. Ó ní òun ti gbọ́.

Ó lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ó dúró ní etí yanrìn, ó wò ó. Tẹ́lẹ̀, bí ó bá kúrò ní mọ́ṣáláṣí, yóò gba ẹ̀yìn kànga, yóò rí igi àgbọn àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò sì máa lọ fúnra rẹ̀. Wọ́n ti wó mọ́ṣáláṣí yẹn nígbà tí wọ́n la títì. Kànga wà lábẹ́ yanrìn. Igi àgbọn kò sí. Ó rìn síwájú, ó rìn padà. Ó ka ìṣísẹ̀, iye náà kò bára mu. Ó ti rò pé orí òun ni ìwé. Òtítọ́ ni pé igi àgbọn ni ìwé, òun kàn ń kà á ni.

Ó rìn títí oòrùn fi wọ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun kò rí i. Bí wọ́n bá béèrè, á ní òun ń wò ó.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, Azeezat ọmọ rẹ̀ wá láti Awoyaya, níbi tí ó ti ń ta páìpù omi. Ó bá bàbá rẹ̀ ní ìta ilé, yanrìn kún ẹsẹ̀ rẹ̀ dé kókósẹ̀. Ó bu omi fún un, ó wẹ ẹsẹ̀ náà fún un, ó ní kí ó sọ fún Baálẹ̀ pé òun kò mọ̀ ọ́n mọ́, kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, àwọn tó da yanrìn lé e ló ni ẹ̀bi. Àdúà kò nílò pé kí ènìyàn dúró lórí sàréè. Ọlọ́run mọ ibi tí wọ́n wà.

"Ìyá rẹ ni," ni Àyúbà wí.

Azeezat da omi ẹsẹ̀ náà nù.

Ejò kan wà tí wọ́n ń pè ní ejò afọ́jú ní abúlé náà. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò sọ pé ekòló ni. Kò nípọn ju okùn bàtà lọ, kò gùn ju ìka ọwọ́ méjì tí a tò lórí ara wọn lọ. Ó dúdú, ó ń dán bí ohun tí wọ́n fi epo pa. Orí rẹ̀ àti ìrù rẹ̀ jọra. Ojú rẹ̀ kò ju àmì méjì lọ lábẹ́ awọ, bí ìgbà tí a fi abẹ́rẹ́ kan bébà. Kò lè bu ènìyàn jẹ. Ẹyin èèrà àti ẹyin ikán ló ń jẹ. Bí a bá gbé e sínú oòrùn, yóò lọ́ mọ́ ìka ẹni, yóò máa fi ṣóńṣó ìrù gún àtẹ́lẹwọ́ bí ẹ̀gún kékeré, títí yóò fi rí ihò wọ̀.

Kì í gbé inú yanrìn ọ̀sà. Kò sí èèrà níbẹ̀, kò sì sí ewé jíjẹrà. Ilẹ̀ dúdú ló ń gbé, ilẹ̀ tí òjò àti ewé ti ṣiṣẹ́ lé lórí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní itẹ́ Ìdí-Àgbọn, ilẹ̀ dúdú wà lókè, yanrìn wà lábẹ́ rẹ̀, omi wà lábẹ́ yanrìn. Sàréè ibẹ̀ kì í jìn ju àyà lọ.

Bí Àyúbà bá ń gbẹ́lẹ̀, á da ilẹ̀ dúdú sí ọ̀tún, á da yanrìn sí òsì. Bí ejò afọ́jú bá jáde, kò gbọ́dọ̀ pa á. Á fi ọwọ́ kó o, á fi í sínú òkìtì dúdú, á fi ewé bò ó. Bí wọ́n bá sìnkú tán, yanrìn ni yóò kọ́kọ́ wọlé, ilẹ̀ dúdú ni yóò kẹ́yìn, ejò náà á sì bá a padà. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Bàbá rẹ̀ ní onílé ni wọ́n, àlejò ni òkú. Ó ní ejò yìí kò ríran, kò lè rìn jìnnà. Ibi tí wọ́n bí i sí ni yóò kú sí. Ibi tí a bá ti rí i, kí a mọ̀ pé kò sí ẹni tó tíì yí ilẹ̀ ibẹ̀ padà. Àyúbà gba èyí gbọ́. Fún ogójì ọdún, ọ̀rọ̀ náà kò yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta náà ni ó rí koríko kan tó pọ̀ ju ti ibòmíràn lọ, kò jìnnà sí títì. Ewé rẹ̀ tutù. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ fa koríko náà tu. Ilẹ̀ tó bá gbòǹgbò jáde dúdú.

Ó gbọ́ òórùn rẹ̀. Ó ki ọwọ́ bọ ibẹ̀ dé ọrùn ọwọ́. Ohun kan yí mọ́ ìka rẹ̀. Ó fà á jáde, ó wò ó nínú oòrùn tó ń lọ, ohun náà sì gún un ní àtẹ́lẹwọ́.

Ó rò ó dáadáa. Kì í ṣe ẹni tó ń sáré. Orí ilẹ̀ gíga ni itẹ́ wà nígbà yẹn. Àbàtà ló yí i ká. Bí wọ́n bá da yanrìn tẹ́jú, ibi tó ga ni yanrìn yóò ti fẹ́lẹ́. Ó lè fẹ́lẹ́ débi pé òjò ọdún méjì yóò fọ̀ ọ́ lọ. Ó bọ́gbọ́n mu. Ejò náà sì wà níbẹ̀.

Kò gbẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. A kì í kan ilẹ̀kùn òkú láti mọ̀ bóyá ó wà nílé. Ó dá ejò náà padà, ó fi koríko bò ó. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó pe Ràhímátù lẹ́ẹ̀kan, jẹ́jẹ́. Ó pẹ́ kí ó tó lè dìde.

Ní Àlàmísì, gbogbo abúlé jáde. Ẹnjiníà tí ilé-iṣẹ́ rán wá ń jẹ́ Fẹ́rànmí, ọkùnrin tí kò tíì pé ogójì, tó ń gbé ní àdúgbò Abraham Adésànyà. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Baálẹ̀ pẹ̀lú bàtà iṣẹ́ lẹ́sẹ̀. Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ kan tẹ̀lé e pẹ̀lú èèkàn pupa. Àyúbà mú wọn lọ síbi koríko náà. Ó hú ilẹ̀ dúdú sókè, ó fi ejò afọ́jú hàn wọ́n. Àwọn tó dàgbà níbẹ̀ mọ ohun tí ó túmọ̀ sí. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Sìdíkàt, tó sin ọmọbìnrin rẹ̀ sí itẹ́ náà, kúnlẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Dúró nìkan ló sọ̀rọ̀. Apẹja ni Dúró, ẹgbẹ́ Àyúbà ni, àwọn méjèèjì jọ kéwú ní ọmọdé. Ìyá rẹ̀ wà ní itẹ́. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì láti bí ọdún mẹ́ta, kò sì lọ sódò mọ́.

"Àyúbà, ibí kọ́," ni ó wí. "Itẹ́ kò súnmọ́ títì tó báyìí. Nígbà tí mo bá ń tukọ̀ bọ̀, mo máa ń kọjá iwájú rẹ̀ kí n tó dé ẹnu odò kékeré. Ẹ̀yìn lọ́hùn-ún ni, lápá omi."

Àyúbà kọjú sí i. Ó ti rìn fún ọjọ́ méjì, kò sùn. Ó rí ohun tó rí.

"Dúró," ni ó wí, "ṣebí àná ni o dọ̀bálẹ̀ kí ewúrẹ́ Baálẹ̀ pé ẹ kú àárọ̀, Ìyá?"

Òtítọ́ ni. Gbogbo abúlé ti gbọ́ ọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín, Baálẹ̀ pàápàá rẹ́rìn-ín. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tí kò mọ ìdí rẹ̀ bá wọn rẹ́rìn-ín. Dúró fi ọ̀pá rẹ̀ tẹ ilẹ̀ díẹ̀, ó ń yí i kiri nínú yanrìn. Lẹ́yìn náà, ó yí padà, ó ń lọ sílé.

Fẹ́rànmí dúró kí ẹ̀rín náà tán. "Bàbá, ṣé ó dá yín lójú? Torí ohun tí ẹ bá fi hàn mí ni n ó kọ."

"Ó dá mi lójú."

Wọ́n kan èèkàn mẹ́rin. Àyúbà tẹ̀ka sí ìwé. Lẹ́yìn náà, àwọn ènìyàn ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ń fi tiwọn hàn wọ́n. Níwọ̀n ìgbà tí ó ti mọ ibi tí ilẹ̀ dúdú bẹ̀rẹ̀, gbogbo rẹ̀ padà sí i lórí. Bàbá Baálẹ̀ nìyí. Lémọ́mù àtijọ́ nìyí. Ọmọ rẹ nìyí, Sìdíkàt, orí rẹ̀ wà níhìn-ín. Ràhímátù ni ó fi ṣe ìkẹyìn. Kò fi í han ẹnikẹ́ni. Ó kàn dúró síbẹ̀.

Ẹ̀rọ náà dé ní Mọ́ńdè. Ó ga ju ilé alájà mẹ́ta lọ. Ó ń yí irin wọnú ilẹ̀, ó ń fà á jáde tòun ti erùpẹ̀, wọ́n ń da kọnkéré sínú ihò náà. Apá ọ̀sà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Omi inú ife ń mì nínú ilé ní Ìdí-Àgbọn láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Àwọn bíríkìlà mọ ọgbà náà láàrin ọjọ́ mẹ́rin, wọ́n fi géètì kékeré sí i. Ní ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, àwọn ènìyàn wọlé, wọ́n ṣàdúà. Obìnrin bíi mélòó kan sunkún. Wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Àyúbà. Ó ń gbé àga rẹ̀ lọ síbẹ̀ ní òwúrọ̀, ó ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà. Ohun tí ó fẹ́ láyé kò ju kí wọ́n gbẹ́ tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ti ìyàwó rẹ̀ lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọkùnrin kan wá pẹ̀lú Márúwá tí òdòdó kún. Shamsudeen ni orúkọ rẹ̀. Ó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì ní ìta Jakande. Ilé-iṣẹ́ ní kí ó gbin nǹkan yí ọgbà náà ká kó lè dùn ún wò. Ó kí Àyúbà, ó sọ ìkòkò òdòdó kalẹ̀, ó wọ inú ọgbà láti wo ilẹ̀. Ó bu ilẹ̀ náà sọ́wọ́, ó fi àtàǹpàkò rà á. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ilẹ̀ mi rèé."

Àyúbà ní ilẹ̀ wo.

"Èyí tí mo dúró lé yìí, Bàbá. Èmi ni mo kó o wá. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ń da yanrìn, ibí ni ilé pákó wọn wà. Ọ̀gá wọn fẹ́ òdòdó níwájú rẹ̀. Mo ní, ọ̀gá, òdòdó kì í hù nínú yanrìn ọ̀sà. Ọkọ̀ típà méjì ni mo bù láti ẹ̀yìn Awoyaya, típà tó kún o, kì í ṣe ti àwọn oníjìbìtì."

Àyúbà kò dìde lórí àga. Ó ní ejò afọ́jú wà nínú ilẹ̀ náà.

"Ó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀," ni Shamsudeen wí. "Wọn kì í fi wá sílẹ̀. Kò sí ìkòkò òdòdó tí mo ń tà tí ẹyọ kan kì í sí nínú rẹ̀. Mo ti tà wọ́n dé Ìkòyí, oníbàárà ò mọ̀. Tíṣà kan tó máa ń rà lọ́wọ́ mi sọ fún mi pé abo ni gbogbo wọn. Wọn kì í wá ọkọ. Tí ẹyọ kan bá ti wọ ilẹ̀, ó máa bí títí ilẹ̀ á fi kún. Kò sí ejò tó rìnrìn àjò tó o láyé, Bàbá. Àwọn èèyàn ló ń gbé e rìn."

Àyúbà ní kí ó yá òun ní ṣọ́bìrì.

Ó gbẹ́ ẹ níbi tí ó ti gbà pé Ràhímátù wà. Ilẹ̀ dúdú kò jìn ju ìbú ọwọ́ méjì lọ. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó bá ọ̀rá dúdú, irú èyí tí àwọn olódòdó fi ń gbin ọmọ igi. Ó yọ ọ́ sọ́tọ̀. Lábẹ́ ọ̀rá, yanrìn funfun. Ó gbẹ́ dé orúnkún. Funfun, pẹ̀lú ìkarahun. Ó gbẹ́ dé itan. Funfun. Ó gbẹ́ dé àyà, yanrìn ń ya lulẹ̀ lára ògiri ihò náà, ó ń bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Shamsudeen wá sí etí ihò náà. Ó béèrè ohun tí Bàbá ń wá. Ó na ọwọ́, ó fà á jáde.

Àyúbà rìn lọ sápá ọ̀sà. Kò yára. Níbi tí Dúró ti sọ, kí a tó dé ẹnu odò kékeré, orí òpó ti jáde nílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, irin rẹ̀ nà sókè. Ẹ̀rọ ti kọjá síwájú. Àwọn òkìtì erùpẹ̀ tí irin fà jáde wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó kọ̀ọ̀kan, kò tíì sí ẹni tó kó wọn. Èyí tó kọ́kọ́ jáde wà nísàlẹ̀, funfun. Èyí tó tẹ̀ lé e dúdú.

Ó tutù. Ó ń rùn bí ó ṣe máa ń rùn láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ sìnkú. Ejò afọ́jú mẹ́ta wà nínú rẹ̀, irin ti gé méjì. Ẹ̀kẹta ń wá ibi tí yóò wọ̀.

Kò wá ohun mìíràn nínú òkìtì náà. Ó ṣí fìlà. Ọkùnrin kan tó dé akoto iṣẹ́ ké sí i láti òkèèrè pé kí Bàbá kúrò níbẹ̀, ibẹ̀ léwu.

Ó bá Fẹ́rànmí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ rẹ̀. Ó ní òun ló ṣì í. Ó ní ibi tí itẹ́ wà gan-an ni wọ́n ń gún. Fẹ́rànmí kò bínú. Ó jókòó sí etí ọkọ̀, ó nu ojú. Ó mú ìwé jáde, ó wo àmì àtàǹpàkò tó wà lórí rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí.

"Òpó mẹ́rìnlélógún ló ti wà níbẹ̀, Bàbá. Kọnkéré ti gan. Kò sí bí mo ṣe lè fà á yọ." Ó ká ìwé náà. "Mo bi yín."

"O bi mí."

Ó lọ sílé Dúró. Ó bá a ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé, ó ń fi ọwọ́ wá ojú àwọ̀n tó ya, ó ń dí i. Àyúbà jókòó sílẹ̀, kò gba àga tí ìyàwó Dúró gbé fún un.

"Ibi tí o sọ ni," ni ó wí.

Dúró kò gbé orí sókè. "Mo mọ̀."

Àyúbà béèrè ìdí tí kò fi pariwo, tí kò fi lọ bá Baálẹ̀, tí kò fi lọ bá ẹnjiníà náà. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, Sátidé àti Sọ́ńdè ló wà láàrin. Dúró dí ojú àwọ̀n kan, ó wá òmíràn.

"Ìyá mi wà níbẹ̀, Àyúbà. Mo jókòó síhìn-ín, mò ń gbọ́ ẹ̀rọ yẹn. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín, inú bí mi, mo ní kí wọ́n máa ṣe é lọ. Nítorí ewúrẹ́ ni mo fi dákẹ́ lórí ìyá mi."

Àwọn méjèèjì jókòó. Ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́. Dúró ní kí ó má sọ fún àwọn tó kù. Ó ní kò sí ohun tí ó lè tún un ṣe mọ́. Bí wọn kò bá mọ̀, wọ́n rí nǹkan gbà. Bí wọ́n bá mọ̀, wọn kò ní nǹkan kan. Àyúbà ní òun ti gbọ́.

Ṣùgbọ́n ó sọ ọ́. Ní ọjọ́ Jímọ̀, nígbà tí gbogbo wọn ti wọ inú ọgbà, tí lémọ́mù ṣàdúà tán, ó dúró ní ẹnu géètì. Shamsudeen ti dí ihò náà, ó ti gbin òdòdó sórí rẹ̀. Àyúbà ní òun ló ṣì í. Ó ní kò sí ẹnì kankan níhìn-ín. Ó ní ibi tí Dúró fi hàn ni, òpó ti wà lórí rẹ̀, òun fi Dúró ṣe ẹlẹ́yà, òun sì ti ṣẹ gbogbo wọn. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò mọ bí a ṣe ń sọ ọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Baálẹ̀ wo ilẹ̀. Ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í bú u, lémọ́mù sì dá a lẹ́kun. Ó ní àdúà kì í ṣìnà, ẹni tí wọ́n ń ṣe é sí mọ àdírẹ́sì.  Azeezat wà lára wọn. Ó ti lọ síbi tí bàbá rẹ̀ ti dúró lọ́jọ́ Àlàmísì, ibi tí ó pè ní ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìborùn tó bò ó lẹ́nu.

Sìdíkàt ló wá sọ́dọ̀ Àyúbà. Kò kúnlẹ̀ bí ó ti máa ń ṣe.

"Bàbá, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ẹ ò bá fi í sínú."

Ó ní òun kò lè jẹ́ kí wọ́n máa sunkún lé yanrìn lórí.

"Ṣé ẹ rí ibòmíràn fún wa?"

Kò rí ibòmíràn. Sìdíkàt padà síbi tí ó ti fi hàn án pé orí ọmọ rẹ̀ wà. Ó jókòó síbẹ̀. Ó ṣe díẹ̀, àwọn obìnrin yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í padà síbi tiwọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Azeezat náà jókòó.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, ìyàwó àgbà Baálẹ̀ kú. Wọ́n ránṣẹ́ sí Awoyaya, agbẹ́sàréè kan wá láti ibẹ̀, ọkùnrin tó ṣì ní agbára. Inú ọgbà ni wọ́n ní kí ó gbẹ́ ẹ sí. Àyúbà bá wọn kírun sí òkú náà. Ó dúró sí ẹ̀yìn gbogbo wọn. Nígbà tí wọ́n gbé e, tí wọ́n ń lọ, ẹnikẹ́ni kò sọ fún un pé kó má tẹ̀ lé wọn, ẹnikẹ́ni kò sì pè é. Ó bọ́ sọ́nà ilé.